Ọkọ̀ Asáré Tí Ó Ti Darúgbó: Èwo Ni Kí A Fi Rọ́pò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo mú wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ọkọ̀ tí a rà nítorí pé ó lè sáré, tí a gbádùn rẹ̀ títí, tí ó sì ti darúgbó wàyí. Kí ni kí olówó rẹ̀ ṣe? Bí yóò bá pààrọ̀ rẹ̀, irú èwo ni kí ó rà?

Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta, owó tí a fi ń rà á kì í pọ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè rà á. Ṣùgbọ́n bí owó ríra rẹ̀ ti ń wálẹ̀, owó ìtọ́jú rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Àti pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá a máa wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá. Bí bíréékì ọkọ̀ kan kò bá dára, kì í ṣe olówó rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: ẹni tí ó bá fẹ́ rọ́pò ọkọ̀ asáré, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí eré. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ọkọ̀ náà yóò ti dúró, láti orí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, àti láti orí ọ̀nà tí yóò máa tọ̀. Bí ó bá ti mọ mẹ́ta yìí, eré yóò wá àyè ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí irú ọkọ̀ yìí ti wá. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn òpópónà ńláńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Autobahn. Ní apá púpọ̀ nínú wọn, òfin kò fi gbèdéke sí eré tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má kọjá 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Nítorí náà, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì alágbára sínú ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí bàbá lè fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, kí ó sì fi rin ìrìn-àjò jíjìn lọ́sàn-án. Ní ọdún 1985 ni BMW gbé M5 àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1990, Mercedes-Benz fi 500 E han aráyé, èyí tí ilé-iṣẹ́ Porsche bá wọn lọ́wọ́ sí. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní Nàìjíríà ni BMW 5 Series tí wọ́n ṣe láti ọdún 1995 títí di ọdún 2003. Nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tí a kọ 540i sí lẹ́yìn ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 286. Òun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kí ni a ń pè ní agbára ẹṣin? James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ẹni tí ó tún ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ni ó mú un wá. Ẹṣin ni àwọn ènìyàn ń lò nígbà náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ òun lè dípò. Lónìí, báyìí ni a ṣe lè wọ̀n ọ́n: bí a bá gbé ẹrù 75 kílò sókè ní ìwọ̀n mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára ẹṣin kan ni a lò. Àpò sìmẹ́ńtì kan wọn 50 kílò. Ẹ fojú inú wo àpò kan àtààbọ̀ tí a gbé láti ilẹ̀ dé ìbàdí àgbàlagbà kí ẹ tó wí pé "ọ̀kan". Agbára ẹṣin kan nìyẹn. Ẹ wá fi 286 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ṣùgbọ́n agbára nìkan kò tó. Ẹ níláti béèrè pé, ẹrù mélòó ni ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fà? BMW 540i náà wọn nǹkan bíi 1,600 kílò. Bí a bá pín in fún ẹṣin 286, ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fa kílò 6 ó dín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú Toyota Corolla onílítà 1.8 ti ọdún 2009. Ẹṣin 132 ni ó ní, ó sì wọn nǹkan bíi 1,235 kílò. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń fa kílò 9 ó lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi ń fò, tí èkejì ń rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Toyota Camry onílítà 3.5 ti ọdún 2007, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ọkọ̀ eré ìje, ní agbára ẹṣin 268, ó sì wọn nǹkan bíi 1,570 kílò. Ẹ pín in. Kílò 6 ó dín díẹ̀ ni tirẹ̀ náà! Ohun tí ó jẹ́ ìyanu ní Jámánì nígbà kan ti di ohun tí à ń rí nínú ọkọ̀ ìdílé lẹ́yìn náà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: bí ó bá jẹ́ agbára nìkan ni ẹ ń wá, kò di ìgbà tí ẹ bá ra irú ọkọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i.

Kí wá ni ọkọ̀ àtijọ́ náà ní tí Camry kò ní? Ohun méjì pàtàkì ni. Èkíní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì BMW náà ń yí, nígbà tí ti Camry ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sáré, ìwúwo rẹ̀ a máa tẹ̀ sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀sì tí ó ṣí lójijì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wá di ilẹ̀ mú dáadáa, ti iwájú á fúyẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ń fi iwájú fà, tí ó sì tún ń fi iwájú kan náà yà, iṣẹ́ méjì ni ó gbé ka táyà méjì lórí. Èkejì ni bí wọ́n ti ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà àti sítíárìn rẹ̀, tí awakọ̀ fi ń mọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ ti rí. Ẹni tí ó bá ti wa irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń wí. Adùn gidi ni, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ó dára. Kí ni ọjọ́ ogbó wá ń ṣe fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Kì í sábà jẹ́ irin ẹ́ńjìnnì ni ó kọ́kọ́ ń kú. Bí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, irin lè pẹ́ púpọ̀. Àwọn ohun tí kì í ṣe irin ni ó ń kọ́kọ́ yọ ènìyàn lẹ́nu: rọ́bà, ike àti wáyà. Nínú àwọn BMW tí mo dárúkọ yìí, ike ni wọ́n fi ṣe ìkòkò tí omi rédíétọ̀ ń wú sí, ike sì ni wọ́n fi ṣe igun rédíétọ̀ náà. Bí ike bá ń gbóná lójoojúmọ́, tí ó ń tutù lálaalẹ́ fún ọdún púpọ̀, yóò gbẹ, yóò sì sán. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ kò ti rìn tó láti gba atẹ́gùn sára, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà. Orí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, á wọ́. Ohun kékeré tí à bá ti pààrọ̀ níjọ́ kìíní á wá gba odidi ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Èwo ni kí n rà?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Ṣé kí n tún èyí ṣe ni, tàbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?" Ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ gbogbo owó tí ẹ ná lé ọkọ̀ náà lórí ní ọdún méjì sẹ́yìn, láìka owó epo. Ẹ pe mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sọ ohun tí yóò tó pààrọ̀ ní ọdún méjì tí ń bọ̀. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà àti ike ni ó kù, tí ara ọkọ̀ le, ó lè sàn láti tún un ṣe ju kí ẹ lọ ra wàhálà ẹlòmíràn. Bí ibi tí a so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ bá ti dípẹtà, tí ó ti ń jẹrà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Kò sí agbára ẹṣin tí ó lè gba ènìyàn là nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ ìdúró, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Ọkọ̀ tí ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọmọdé bá já lu títì, kí awakọ̀ tó rí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréékì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ. Mítà 14 ti lọ. Lẹ́yìn náà ni bíréékì yóò tó lo nǹkan bíi mítà 14 mìíràn kí ọkọ̀ tó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 28. Ẹ wá sọ eré náà di 100. Ìrònú nìkan ti gba mítà 28. Ti bíréékì kò ní di ìlọ́po 2 o. Ìlọ́po 4 ni yóò dà, nǹkan bíi mítà 55. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 83. Bí òjò bá rọ̀, tàbí bí táyà bá ti jẹ, yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ilẹ̀ wa fi 50 kìlómítà sí àárín ìlú, wọ́n sì fi 100 ṣe òpin eré fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà oníbejì. Ó lè jẹ́ 250 ni a kọ sí ojú òǹkà eré ọkọ̀ yín. Níbo ni ẹ ó ti lo 150 tí ó kù? Kí ni agbára ńlá wá wà fún? Ó ní ìwúlò kan tí ó jẹ́ òtítọ́. Lórí títì tí ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ jọ ń gbà, bí ẹ bá fẹ́ kọjá tírélà tí ń fà, ọkọ̀ tí ó lágbára kì í pẹ́ ní ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀. Agbára fún ìyẹn dára. Èyí tí ó bá ju ìyẹn lọ, fún ìgbádùn ni; kí á mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń san owó rẹ̀.

Wàyí o, àwọn wo ni ọkọ̀ tí ó lè rọ́pò rẹ̀? Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin.

Èkíní ni àbúrò ọkọ̀ ti tẹ́lẹ̀, bíi BMW 5 Series tí ó tẹ̀lé e láti ọdún 2003. Ó lẹ́wà, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n ìṣàkóso kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì tí ó ń fi etí gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì kò tó fún un; ó ń fẹ́ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, tí ó sì mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wí. Ẹ wo ẹnu ihò epo rẹ̀ pẹ̀lú: a kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, bíi 95 tàbí 98. Nọ́ńbà náà ń sọ irú epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì fẹ́. Bí epo bá rẹlẹ̀ sí i, epo á máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ọkọ̀ ìgbàlódé á mọ̀, á sì dín agbára ara rẹ̀ kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Ẹ ti sanwó ẹṣin, ẹṣin kò sì yọjú.

Èkejì ni ọkọ̀ ilẹ̀ Japan tí ó ní ẹ́ńjìnnì ńlá: Toyota Camry onílítà 3.5, tàbí Lexus ES 350 tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi ẹsẹ̀ iwájú fà. Fún ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀, Lexus IS 350 àti GS 350 wà. Ẹ́ńjìnnì wọn ju 300 ẹṣin lọ. IS há lẹ́yìn fún àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà. GS gbòòrò jù ú lọ. Ohun tí ó gbé Camry ga ni pé, ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Géètì Agodi ní Ìbàdàn, kò ṣòro láti rí ohun èlò rẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tún sì pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni jíìpù. Ó ga, ó lè la kòtò àti omi kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ga tí ó sì wúwo kò lè yà bí ohun tí ó sún mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá wa jíìpù bí ẹ ti ń wa ọkọ̀ asáré yín, yóò dà yín sí igbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó yí ìwà awakọ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin ni ọkọ̀ oníná mànàmáná, irú èyí tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2012 tí wọ́n pè ní Model S. Mọ́tò iná a máa fi gbogbo ipá rẹ̀ fà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní jíà tí yóò máa yí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò: bí bátìrì rẹ̀ bá gba 60 kílówáàtì-wákàtì, tí ẹ sì fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ kílówáàtì 3 kún un, odindi wákàtì 20 ni. Ẹni tí iná rẹ̀ kò bá dúró déédéé, tàbí tí kò ní ẹ̀rọ oòrùn tí ó tóbi, kí ó rò ó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ epo náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí á ní ọkọ̀ kan ń mu lítà 14 ní 100 kìlómítà, èkejì ń mu 10. Bí a bá ń rin 1,500 kìlómítà lóṣù, èkíní mu 210, èkejì mu 150. Lítà 60 ni ìyàtọ̀ lóṣù, 720 lọ́dún. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye lítà kan ní Èkó fò láti nǹkan bíi 185 náírà dé 488 náírà. Ìyàtọ̀ tí ó ń gba 133,200 náírà lọ́dún di èyí tí ó ń gba 351,360 náírà, láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ kò yí padà. Ayé ni ó yí padà. Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé owó epo ti òní nìkan ni ẹ lè san.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé oníṣòwò kan wà ní Ìbàdàn tí ó ní 540i láti ìgbà àpọ́n rẹ̀. Ó ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ìyàwó rẹ̀ ń wa ọkọ̀ náà lọ sí Èkó, nígbà mìíràn òun àti àwọn ọmọ nìkan. Mẹkáníìkì tí ó mọ ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ojú ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi ọkọ̀ ti gbẹ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn GS 350, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí alẹ́ bá lẹ́? Bí ó bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, tí ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn láìtan ara rẹ̀ jẹ, Camry ni yóò rà, ìyẹn èyí tí mẹkáníìkì lè tún ṣe láti Ìbàdàn dé Ṣágámù. Yóò pàdánù nǹkan o. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ọwọ́ rẹ̀ yóò rántí ti àtijọ́. Ohun tí yóò gbà dípò rẹ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá wà lọ́nà. Ẹlòmíràn tí kò ní ọmọ, tí mẹkáníìkì dáadáa wà ládùúgbò rẹ̀, lè ra GS, kò sì ṣe àṣìṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ irú èyí tí ẹ fẹ́, iṣẹ́ kò tí ì parí. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, òkun kò sì jẹ́ kí á rí ohun tí ojú ọkọ̀ náà ti rí lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá ń ra ẹṣin, wọn a máa ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní eyín tirẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é, W, Jámánì, 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ń sọ ọdún tí wọ́n pè é: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì iwájú, ti ara ilẹ̀kùn, àti ti inú ìwé aṣọ́bodè, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ máa lọ.

Ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà létí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà lè ní ojú dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀ ń sọ eré tí ó lè gbà: T jẹ́ 190 kìlómítà, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240. Ẹ má fi táyà tí ó rẹlẹ̀ sí ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ sílẹ̀ sí ọkọ̀ alágbára.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán. Bí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ ní ìdí rẹ̀, omi ti bo ọkọ̀ náà rí. Ẹ gbóòórùn ilẹ̀ rẹ̀, ẹ wo àwọn bóòtì abẹ́ ìjókòó bóyá wọ́n ti dípẹtà. Bí òǹkà bá wí pé ọkọ̀ kò tí ì rìn púpọ̀, ṣùgbọ́n tí rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ bíréékì ti jẹ dé irin, ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbàgbọ́, kì í ṣe òǹkà.

Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan án. Bí èéfín rẹ̀ bá rí bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, bóyá omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí oníṣòwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àmì àìsàn rẹ́, ẹ̀rọ náà á sábà fi hàn pé àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tí ì parí. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á, ẹ tẹ bíréékì níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ béèrè ìdí. Àti pé, ẹ má ná gbogbo owó yín tán sí ríra rẹ̀. Ẹ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ fún ọ́ìlì, táyà, bíréékì àti àwọn rọ́bà tí yóò kọ́kọ́ béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: kí ni ẹ ó ṣe sí ọkọ̀ àtijọ́? Ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí owó ríra rẹ̀ tó, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kò tó. Ẹ sọ gbogbo àìsàn ọkọ̀ náà fún un, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí bíréékì rẹ̀ kò bá dára, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tà á. Bí ara rẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀ palẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Owó tí ó lé sí i kò tó ohun tí a lè fi gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ sọ́rùn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ kan nítòsí yín. Ẹ kọ ọdún tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ẹ béèrè agbára ẹṣin rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, kí ẹ pín in bí a ti pín in lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn mítà 83 ní pápá ilé-ìwé yín, kí ẹnì kan dúró ní òpin kan, kí ẹnì kejì dúró ní òpin kejì. Kí àwọn tí ó kù wo bí ó ti jìnnà tó. Ẹ padà sílé kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ń wa ọkọ̀ gbé yín.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.